Pátákó Kejì Ni Mo Ti Ń Fa Bíréèkì

Ẹ má bá mi kẹ́dùn, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Ẹni tí mo ṣe níkà kò bá mi kẹ́dùn, ọkọ mi kò bá mi kẹ́dùn, èmi náà kò sì bá ara mi kẹ́dùn. Mò ń kọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú yín tó ń fún irọ́ kékeré kan lóúnjẹ lọ́wọ́ báyìí, tó rò pé ìgbàkígbà tó bá wu òun lòun lè lé e jáde nílé.

Awọ ni mo ń rán. Aṣọ aláwọ tó nípọn, èyí tí àwọn tó ń sáré alùpùpù máa ń wọ̀ kí ara wọn má baà bó bí wọ́n bá ṣubú, èmi ni mo ń rán an fún ìdajì àwọn tó ń wá sí pápá wa. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Èmi fúnra mi sì ń gùn ún. Sátidé kan lóṣù, ẹnikẹ́ni tó bá ní alùpùpù lè gbé e wá sí pápá ìsáré, kó máa sá a kiri títí di ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe ìdíje, kò sí ife ẹ̀yẹ. Àmọ́ ẹni tó bá ní òun kì í wo aago ẹlòmíì níbẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Nínú àwọn obìnrin, èmi ni mo yá jù. Ọdún méje gbáko ni mo fi wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àbúrò ọkọ mi gbéyàwó.

Akọ̀wé ni mo ń pe àbúrò ọkọ mi yìí, torí kò sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀, títí dé iye ìgbà tí ó ti pààrọ̀ gílóòbù. Ìyàwó tó fẹ́, dókítà eyín ni. Ọwọ́ rẹ̀ kéré, ó sì dúró ṣinṣin, irú ọwọ́ tó ń wọ ẹnu èèyàn tí onítọ̀hún kò ní mọ̀ pé wọ́n ti fa eyín òun. "Ìyálé mi" ló ń pè mí. Èmi ń pè é ní Ìyàwó.

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Kò sí ohun tó ṣe mí. Àpọ́nlé tó ń fún mi gan-an ló ń bí mi nínú.

Ọjọ́ tó wá wọn ara ní ṣọ́ọ̀bù mi ni mo gbọ́ pé òun náà ti ra alùpùpù.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fún mi níkùn o. Mo fẹ́ràn oúnjẹ."

"Kí lo fẹ́ fi aṣọ aláwọ ṣe?"

"Ẹ̀yin lẹ kó o ràn mí! Bí mo ṣe ń wò yín lórí pápá, ara mi ò gbà á mọ́."

Mo rín ẹ̀rín ẹ̀yìn eyín. Mo wọn èjìká rẹ̀, mo wọn ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Nínú mi, mo ní kò ní lo oṣù mẹ́ta tí á fi rí i pé eré yìí kì í ṣe ti aláṣọ funfun.

Oṣù mẹ́ta kọjá, ó ṣì wà níbẹ̀. Oṣù karùn-ún, Baba Kóònù bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe àpẹẹrẹ.

Baba Kóònù ni olùkọ́ wa. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kì í ká dáadáa mọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣì mú. Òwúrọ̀ gbogbo Sátidé wa ló máa ń to kóònù mẹ́ta sí kọ́nà kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan níbi tí wàá ti yí, ọ̀kan níbi tí wàá ti súnmọ́ etí inú, ọ̀kan níbi tí wàá jáde sí. "Láti ìta wá sínú, láti inú lọ síta," á máa wí títí ọ̀fun rẹ̀ á fi há.

Lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí gbogbo wa dúró wo Ìyàwó bó ṣe ń bọ̀.

"Ẹ wò ó. Ó ń wọ kọ́nà bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Ìyá Abẹ́rẹ́, ìwọ tó o ti ń gùn ún fún ọdún mẹ́jọ, bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò lo ṣe ń wọ̀ ọ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ìyàwó dé tí wọ́n sọ ọ́ fún un, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wolẹ̀, ojú ń tì í nítorí mi. Àìrẹ́rìn-ín rẹ̀ yẹn ló dùn mí ju ẹ̀rín àwọn yòókù lọ.

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí mo ti ń jù ú lọ, ìparí títì gbọọrọ. Ibẹ̀ ni eré ti ń pọ̀ jù, kọ́nà tó tẹ̀ sọ́tùn-ún ló sì wà níwájú. Pátákó mẹ́ta ni wọ́n rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà kí o tó dé kọ́nà. Ìwọ̀nyẹn lo máa fi mọ ibi tí wàá ti fa bíréèkì. Bó o bá tètè fà á, gbogbo ayé á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá. Bó o bá pẹ́ kó o tó fà á, kọ́nà á dé bá ọ láìmúra, inú òkúta wẹ́wẹ́ ni wàá sì bá ara rẹ. Pátákó kìíní ni Ìyàwó ti ń fà á. Èmi ń fà á ní pátákó kejì.

Baba Kóònù ti kìlọ̀ fún gbogbo wa. "Ẹsẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ mẹ́ta, ni kí ẹ máa fi sún ibi tí ẹ ti ń fa bíréèkì síwájú. Ẹni tó bá fo pátákó, á fo kọ́nà."

Ní Sátidé oṣù tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi tó ń wo aago fún wa sáré wá bá mi pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé.

"Ìyàwó ń bọ̀ o! Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré lo fi jù ú lọ báyìí!"

Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, a jókòó sábẹ́ òrùlé páànù. Ìyàwó mú ìwé kékeré rẹ̀ jáde, ó ṣí bírò.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an lẹ ti ń fa bíréèkì ní ìparí títì gbọọrọ?"

Òtítọ́ wà lórí ahọ́n mi. Pátákó kejì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ fún un, kí ló tún kù tí mo fi jẹ́ ìyálé?

"Pátákó kẹta," ni mo wí.

Bírò rẹ̀ dúró. "Ìkẹta kẹ̀? Ìyẹn ti wọnú kọ́nà tán."

"Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn ò fi lè ṣe é."

Títí di ibẹ̀ yẹn, mo lè búra pé fáàrí lásán ni. Gbogbo wa la máa ń bù mọ́ ọn lórí pápá. Ẹni tó ń fà á ní ìkejì á ní ọ̀dọ̀ ìkẹta lòun ti ń fà á, ẹni tó bá gbọ́n á yọ ìdajì kúrò nínú ohun tó gbọ́. Ìyàwó kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nídìí iṣẹ́ tirẹ̀, bí wọ́n bá kọ ọ́ síwèé pé eyín kẹfà lápá òsì, eyín kẹfà náà ni.

"Ṣé mo lè tẹ̀ lé yín nínú ìsáré tó kàn, kí n fojú ara mi rí i?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kó máa bọ̀. Ó tẹ̀ lé mi fún ìyípo mẹ́fà, kámẹ́rà kékeré tó máa ń so mọ́ iwájú alùpùpù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tí a jáde, ó yọ akoto, ó súnmọ́ mi.

"Ìyálé mi, mo rí i tí ẹ gbé àyà sókè ní pátákó kejì. Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ lẹ ti fà á?"

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ẹ kà á dáadáa. Ó fún mi láyè láti padà sẹ́yìn, ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Rárá," ni mo dáhùn. "Afẹ́fẹ́ ni mo ń fi àyà gbà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà á kọ́kọ́ dín eré kù fún mi. Ọwọ́ mi ò kan bíréèkì títí mo fi dé ìkẹta."

Kò lè já mi nírọ́. Òfin pápá ni pé kí a fi téèpù dúdú bo gbogbo iná alùpùpù kí a tó wọlé, kí dígí má baà tú ká bí èèyàn bá ṣubú, kí iná bíréèkì má sì máa dẹ́rù ba ẹni tó wà lẹ́yìn. Ọkọ mi ló lẹ tèmi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo tiẹ̀ jágbe mọ́ ọn pé kò nu eruku kó tó lẹ̀ ẹ́.

"Àmọ́ Baba Kóònù ní ẹsẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ mẹ́ta…"

"Baba Kóònù ti darúgbó. Bó o bá ń fi ẹsẹ̀ méjì sún un, wàá bímọ mẹ́rin kó o tó dé ibi tí mo wà. Kọjá ìkejì, gbé àyà sókè, ní sùúrù, kó o wá fà á."

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo rí i tó kọ "sùúrù", tó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Mo jókòó sórí ògiri kúkúrú tó wà lẹ́nu ọ̀nà pápá nígbà tí àwọn tó kàn ń tò láti wọlé. Ó wà láàárín wọn. Wọ́n dúró tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà fún wọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún! Ibi tí mo wà sí ibi tó wà kò ju yàrá kan sí ìkejì lọ. Mo lè pè é. Mo lè parọ́ mìíràn bo ti àkọ́kọ́, kí n ní mo rí i pé táyà rẹ̀ ti rọ̀, kó sọ̀ kalẹ̀. Ó yíjú, ó rí mi, ó na àtàǹpàkò sí mi.

Mo na tèmi padà.

Èrò mi nígbà náà ni pé ẹ̀rù á bà á, á sáré já títì sílẹ̀, á kọjá kọ́nà lọ díẹ̀, wọ́n á fi í ṣẹ̀fẹ̀. Pé á kọ́ ọgbọ́n. Pé Baba Kóònù á dẹ́kun àti máa fi í ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí mo rò nìyẹn, mi ò fi bo ara mi.

Ìyípo kìíní, ó rọra lọ. Ìyípo kejì, mo gbọ́ ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ lórí títì gbọọrọ, mo sì mọ̀ pé eléyìí ni. Ó kọjá pátákó kìíní. Ó kọjá ìkejì, mo rí àyà rẹ̀ tó gbéra sókè gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó ní sùúrù. Nígbà tó fà á, ìdí alùpùpù náà gbéra nílẹ̀. Kọ́nà yà sọ́tùn-ún, òun lọ tààrà. Ó wọnú òkúta wẹ́wẹ́, alùpùpù náà gbé e sọnù, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún síwájú kó tó balẹ̀.

Mo sáré débẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, mo ń ké ju ẹnikẹ́ni lọ.

Aṣọ tí mo rán fún un kò ya. Kò sí ojú abẹ́rẹ́ kan tó tú. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fọ́ sí mẹ́ta.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Akọ̀wé dojú kọ mí níwájú àwọn nọ́ọ̀sì.

"Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kí òun fà á ní pátákó kẹta."

"Mo sọ ibi tí èmi ti ń fà á," ni mo dáhùn. "Mi ò ní kó di èmi."

"Àǹtí mi, ìyàwó mi kì í ṣe eléré géle!"

Ọkọ mi bọ́ sí àárín wa. Ó na ìka sí àbúrò rẹ̀ lójú. "Ṣọ́ ẹnu rẹ! Ta ló fi tipátipá gbé e sórí alùpùpù? Ìyàwó mi jókòó jẹ́ẹ́, ẹ wá bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn. Ṣé ìyẹn náà di ẹ̀ṣẹ̀?"

Ó gbèjà mi. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo jẹ́ kó gbèjà mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ní egungun ti ń jinná, àmọ́ agbára ìdìmú ọwọ́ náà kò dájú pé yóò padà. Dókítà eyín tí kò lè di ẹ̀mú mú, kí ló fẹ́ fi fa eyín? Mo gbọ́ ọ, mo ní "Ọlọ́run á ṣe é", mo sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Akọ̀wé ránṣẹ́ pè wá. Nígbà tí a dé pálọ̀ wọn, Ìyàwó jókòó létí fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fún bọ́ọ̀lù kékeré kan. Bọ́ọ̀lù náà kò tẹ̀ rárá.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi," ni Akọ̀wé wí fún ọkọ mi. Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹ̀yin náà ẹ jókòó."

Kò pè mí ní Àǹtí mi mọ́. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí.

Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè tú àpò ẹrù tí wọ́n kó bọ̀ láti pápá ni, kámẹ́rà ìyàwó òun ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yìn mi ló hàn lójú rẹ̀, lórí títì gbọọrọ. Pátákó kìíní kọjá. Pátákó kejì dé, mo gbé àyà sókè lórí alùpùpù, Akọ̀wé sì dá a dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rí?"

Ọkọ mi dìde, ó súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n. Níbi etí téèpù dúdú, lápá òsì, pupa kan yọjú bí ẹyin iná.

"Iná," ni ọkọ mi wí.

"Iná kí ni?"

Ó fi ìka kan ojú ibẹ̀. "Èmi ni mo lẹ téèpù yìí," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀. "Mi ò nu eruku ibẹ̀."

"Ìyípo mẹ́fà ni ìyàwó mi fi tẹ̀ lé wọn. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni iná yẹn tàn. Pátákó kejì, pátákó kejì, pátákó kejì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ìka mi kàn fara kàn án ni."

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Ẹ̀ẹ̀mẹfà?"

Ìyàwó gbé bọ́ọ̀lù náà sọ́wọ́ òsì.

"Ìyálé mi, mo bi yín léèrè lọ́jọ́ náà. Mo ní, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ lẹ ti fà á. Ẹ rántí?"

"Mo rántí."

"Kí lẹ sọ? Ẹ sọ ọ́ kí ọkọ yín gbọ́."

Mo sọ ọ́. Afẹ́fẹ́, àyà, sùúrù, gbogbo rẹ̀ ni mo tún sọ lẹ́nu ara mi.

"Kí ló dé?"

"Inú ń bí mi sí ọ."

"Kí ni mo ṣe yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ iye owó ọjà fún. Akọ̀wé ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ jáde nílé mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lè dúró. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí, kó jáde."

Ọkọ mi bá mi jáde. Nínú mọ́tò, ó ní, "Mo na ìka sí àbúrò mi lójú nítorí rẹ. Níwájú èèyàn." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ì bá ṣe pé ó nà mí lẹ́gba ọ̀rọ̀, ì bá tù mí lára.

Baba Kóònù kò ní ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo padà sí pápá, ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó dá ìsáré dúró, ó mú mi lọ sí ìdí pátákó kejì níwájú gbogbo wọn.

"Rìn ín lọ sí ìkẹta. Ka ẹsẹ̀ rẹ sókè, kí gbogbo wọn gbọ́."

Mo rìn ín nínú bàtà aláwọ tó wúwo, òrùn ń pa mí, mò ń kà. Àádóje ó lé méjì.

"Èmi ní kó fi ẹsẹ̀ méjì sún un. Ìwọ ní kó fo àádóje ó lé méjì. Ẹyin lohùn, Ìyá Abẹ́rẹ́. O fọ́ ọ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Gbé alùpùpù rẹ, kí n má rí ọ níbí mọ́ láyé."

Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ fún mi.

Mo lọ bá Ìyàwó níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn dókítà kékeré kan, ó ń fi ẹnu sọ bí yóò ṣe fa eyín tí òun fúnra rẹ̀ ì bá ti fà tán. Nígbà tí aláìsàn náà jáde, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, Ìyálé mi. Ẹ má bẹ̀ mí mọ́. Bí ẹ bá ti ń bẹ̀ mí, ara ń tù yín. Ọwọ́ mi ò sì yé dùn mí."

Mo dìde. Mi ò tíì padà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Mo gbọ́ pé agbára ọwọ́ rẹ̀ ti padà díẹ̀, ó sì ti ń lọ sí pápá padà. Pátákó kìíní ló ti ń fà á, ó sì ń fi ẹsẹ̀ méjì méjì sún un. Ẹlòmíì ló rán aṣọ tó ń wọ̀.

Èmi àti ọkọ mi ṣì wà papọ̀. Kò lù mí, kò bú mi, a jọ ń jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ́ irọ́ kékeré yín, bóyá ẹ ń dúró kí n sọ ìyà tó jẹ mí. Ní òwúrọ̀ àná, a fẹ́ jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo ti lọ aṣọ oníbàárà kan tán.

"Ṣé o ti yọ áyọ́ọ̀nù?" ọkọ mi bi mí.

"Mo ti yọ ọ́," ni mo wí. Mo sì ti yọ ọ́ lóòótọ́.

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì padà wọlé lọ wò ó.